Ìborùn Pupa Láti Ignacio

Ní ọjọ́ Tuesday tí ìròyìn náà dé, ọmọ méjìlá ló ń sùn níwájú mi. Daycare kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Fulshear, lẹ́bàá Houston, aago kan ọ̀sán sì ni àwọn ọmọ máa ń sùn níbẹ̀. Mo ń fa ìbora bo ẹsẹ̀ ọ̀kan lára wọn nígbà tí fóònù gbọ̀n nínú àpò mi. Mi ò mọ nọ́ńbà náà. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n tó gbé e.

Ohùn ọkùnrin ni, Yorùbá Ìbàdàn ketekete. "Ẹ̀yin ni ìyàwó Dọ̀tun? Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wá ibì kan jókòó."

Mi ò jókòó. Mo bi í pé ta ni. Ó ní Wadí ni orúkọ òun, pé Dọ̀tun wà ní ṣọ́ọ̀bù òun ní òpópónà Hillcroft, pé ìwé ló ń kọ lọ́wọ́ tó fi gbé orí lé tábìlì. Ó ní àwọn ambulance ti dé, wọ́n sì ti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe. Mo gbọ́ ẹkún rẹ̀. Àjèjì ló kọ́kọ́ sunkún ọkọ mi.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, kí Ọlọ́run dárí jì mí, kì í ṣe pé Dọ̀tun ti kú. Ohun tó wá ni pé: kí ló ń ṣe ní Hillcroft? Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sọ fún mi pé kọ́lẹ́ẹ̀jì tí òun ti ń kọ́ni ní ìṣirò ni òun ń lọ. Bó ṣe máa ń wí ní gbogbo Tuesday nìyẹn.

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, ọkùnrin Yorùbá ni ojú mi ń wá. Òyìnbó kan tí irun rẹ̀ ti funfun ló dìde, ó tẹríba díẹ̀, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ àyà. "Èmi ni Wadí, mà. Mọ́kọ́lá ni wọ́n bí mi sí."

Kòráà ni.

Ní ilé-ìwé míṣọ́n tí mo lọ, inú Bíbélì ni mo ti kọ́kọ́ mọ Lébánónì, ilẹ̀ igi kédárì. Ní ilé wa, Kòráà là ń pe àwọn ará ibẹ̀, bí gbogbo Ìbàdàn ṣe ń pè wọ́n, orúkọ náà kì í sì í dùn lẹ́nu bàbá mi. Ọdún méjìdínlógún ni bàbá mi fi ṣe akọ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ Kòráà kan ní Gbági. Ní ọjọ́ kan, ìdì léèsì kan dàwátì. Wọ́n tú àpò bàbá mi lójú àwọn oníbàárà, wọ́n ní kó bọ́ bàtà. Wọn ò rí nǹkan kan, síbẹ̀ wọ́n lé e. Lẹ́yìn oṣù méjì ni wọ́n rí ìdì náà lẹ́yìn àpótí. Kò sẹ́ni tó wá bẹ̀ ẹ́. Bàbá mi fi àpò náà kọ́ ara ògiri títí ó fi kú, kò sì fi ohunkóhun sínú rẹ̀ mọ́.

Láti ìgbà náà, èmi kì í wọ ṣọ́ọ̀bù Kòráà. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí mo ti wà ní Houston yìí, mi ò ra búrẹ́dì lọ́wọ́ wọn rí. Dọ̀tun mọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, Wadí wá kí wa nílé. Ó gbé ìkòkò kọfí kékeré kan dání, àti àwọn ife tí kò tóbi ju ìka àtàǹpàkò lọ. Ó bu fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Èmi ò fọwọ́ kàn án. Tọ́mi, ọmọ mi kan ṣoṣo, tó ń gbé ní ìlú Humble, ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

"Mummy!" Ó sún mọ́ etí mi. "Kò sí sugar nínú nǹkan yìí rárá o. It's like agbo."

"Ọlọ́ṣọ́ọ̀bù ni," ni mo dá a lóhùn, mi ò sì rẹ ohùn mi sílẹ̀. "Kò rí ṣúgà mú dání wá fún opó. Bàbá àgbà rẹ ti sọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́ tipẹ́."

Wadí gbọ́. Ó mu tirẹ̀ tán láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó ní, "Mà, àga Dọ̀tun ṣì wà níbẹ̀. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí i."

Àga Dọ̀tun. Ọkọ mi ní àga lọ́dọ̀ ẹni tí mi ò mọ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àwọn ènìyàn ti lọ tán, mo tú àpò ìwé Dọ̀tun sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ti mọ̀ pé ó ń ṣe ìwádìí kan. Nítorí rẹ̀ ló fi lọ sí Colorado lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tó kọjá. Mi ò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé-àkọsílẹ̀ aláwọ̀ ewé ni mo rí. Ó fi ìlà pín ojú ewé kìíní sí òpó méjì. Ó kọ Lébánónì sórí ọ̀kan. Sórí èkejì, ó kọ Ute, orúkọ ẹ̀yà kan lára àwọn tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé. Lábẹ́ wọn, ó to ohun tí ìjọba kà: iye tó jáde yunifásítì, iye tó níṣẹ́ lọ́wọ́, iye tó ń gbé nínú ilé ara wọn, iye tí òṣì ń bá fínra. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ìlà náà, òpó Lébánónì ló ga.

Dọ̀tun fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀ tó máa ń tẹ̀ sọ́tùn-ún: "Àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi dé ló wà lókè. Àwọn tó ni ilẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Àkọsílẹ̀ yìí ń sọ ohun tí ènìyàn ní. Kò sọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀."

Nísàlẹ̀ díẹ̀: "Wadí ní òun ò rí ara òun nínú òpó yìí. Ó ní: àwọn dókítà àti àwọn lọ́yà wa ni wọ́n kà, ta ló ka àbúrò mi tó ń wa táksì? Verna ní gáàsì wà lábẹ́ ilẹ̀ àwọn, owó rẹ̀ sì ń rán ọmọ nílé-ìwé. Àmọ́ àwọn àgbà tó gbọ́ èdè wọn ń tán lọ, kò sì sí ìlà fún ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù ìjọba."

Òpó kẹta wà létí ewé. "Àwa" ló kọ sórí rẹ̀. Kò kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀.

Mo ṣí ewé títí mo fi kan èyí tó gbẹ̀yìn. Nọ́ńbà fóònù kan wà níbẹ̀, àti ìlà kan: "Verna. Kó jẹ́ pupa. Kí wajawaja rẹ̀ gùn. Oyindà ò gbọdọ̀ mọ̀ títí di May."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Oyindà ni orúkọ mi.

Mo wá gbogbo àpò kóòtù rẹ̀. Mo wá àpótí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti ọwọ́ bọ inú bàtà rẹ̀. Bàtà kejì ló wà lọ́wọ́ mi tí mo fi rántí bàbá mi, tó dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán láàrin Gbági. Mo yára fa ọwọ́ mi yọ. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kejì, mo tún wá ibòmíràn.

"Ta ń jẹ́ Verna?" ni mo bi Tọ́mi lórí fóònù.

"I don't know, Mummy. Bóyá coworker wọn ni."

"Coworker tó fẹ́ràn pupa."

"Ah-ah! Mummy, Daddy tó ń fi socks sùn? Ẹ jọ̀ọ́."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ń fọ abọ́, Verna ni. Bí mo bá kúnlẹ̀ àdúrà, Verna ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jẹ́ ìyàwó ọkùnrin yìí. Mi ò wá mọ ọkọ ta ni mo sin.

Oṣù April ti fẹ́ parí nígbà tí Wadí pè. "Mà, ẹrù kan dé fún Dọ̀tun láti Ignacio, ní Colorado. Mi ò tú u."

"Kí ló dé tí wọn ò fi ránṣẹ́ sílé rẹ̀?"

"Ẹ máa bọ̀, mà."

Ní Saturday, Tọ́mi ló wa mọ́tò. Láti orí freeway ni mo ti pinnu pé mi ò ní jókòó, mi ò sì ní mu nǹkan kan níbẹ̀. Òórùn búrẹ́dì gbígbóná gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù náà. Ní ẹ̀yìn pátápátá, tábìlì kékeré kan wà, àti àga onígi kan tí wọ́n so okùn mọ́ láti apá kan dé èkejì, kí oníbàárà má baà jókòó sí i.

Wadí gbé páálí náà fún mi pẹ̀lú ọ̀bẹ. Èmi fúnra mi ni mo là á. Ìborùn ni, pupa bí ẹ̀jẹ̀, wajawaja etí rẹ̀ gùn tó apá mi. Aṣọ obìnrin.

"Ta ló ni ín?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Irọ́. Ọkùnrin a máa bo àṣírí ọkùnrin. Ọkọ mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò gbọdọ̀ mọ̀."

"Títí di May," ni Wadí wí. "Mo jókòó tì í nígbà tó ń kọ ọ́. May kò tíì dé, mà."

"Kí ló dé tó fi ń purọ́ fún mi pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ni òun ń lọ?"

"Ó ń lọ. Bó bá ti kọ́ wọn tán ló ń yà síbí. Ó ní bí òun bá fi lè dárúkọ Kòráà nílé, òun ò ní rí oúnjẹ jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Tọ́mi. "Mummy, that one is true."

Mo kọjú sí Wadí. "Bàbá tiyín ńkọ́? Gbági ló ti ń tajà?"

"Irin ló ń tà, mà, ní Ògùnpa. Dọ̀tun ti bi mí. Mo tiẹ̀ bi àwọn ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò mọ ẹni tó lé bàbá yín. Ká ní mo mọ̀ ọ́n ni, ǹ bá ti wá bẹ̀ yín kí ọ̀rọ̀ òkú tó pa wá pọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dára, mi ò sì gbà á gbọ́. Ó ní kí n pe Verna fúnra mi. Mo ní kí Tọ́mi pe nọ́ńbà inú ìwé Dọ̀tun, kì í ṣe èyí tí Wadí bá fún wa, kó sì jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ ọ.

Arúgbó ló gbé e. Ó kọ́kọ́ wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Tọ́mi sọ ẹni tí a jẹ́ fún un, ó sì sọ pé bàbá òun ti kú ní oṣù February. Verna ní, "Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀? Èyí tí kì í jó?"

"Èmi ni. Kí lẹ jẹ́ sí ọkọ mi?"

Ó rẹ́rìn-ín kékeré kan, ẹ̀rín náà sì já sí ikọ́. "Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí, ọmọ mi. Èmi ni mo ń rán ìborùn." Ó sinmi díẹ̀. "Ní ìgbà ìrúwé, àwa Ute máa ń jó Ijó Béárì. Ìlà kan fún obìnrin, ìlà kan fún ọkùnrin. Obìnrin ló ń yan ẹni tó máa bá a jó. Yóò fi wajawaja ìborùn rẹ̀ kan ọkùnrin náà, kò sì ní kọ̀. Ọkọ rẹ wá wò ó lọ́dún tó kọjá. Ó dúró létí ọgbà, ó ń kọ̀wé, ó ń kọ̀wé. Mo ní, 'Akọ̀wé, ìwọ ńkọ́, ta ló yàn ọ́?' Ó ní, 'Kò sẹ́ni tó yàn mí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi tọ ìyàwó mi lẹ́yìn kó tó gbà.' Ó ní kí n rán pupa. Ó ní òun máa mú ọ wá ní May yìí, òun á dúró sí ìlà àwọn ọkùnrin, òun á wò ó bóyá…"

Kò parí rẹ̀. Ó ní kí n má bínú, òun ò mọ̀ pé ó ti lọ. Ó ní pẹ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀mejì.

Òótọ́ ni. Ọdún mẹ́ta ni Dọ̀tun fi ń wá sílé wa. Ojú tí bàbá mi fi ń wo Kòráà ni mo fi ń wò ó. Gbogbo lẹ́tà tó kọ sí mi ni mo wádìí bóyá ó ti kọ irú rẹ̀ sí ẹlòmíràn. Nígbà tí mo gbà fún un, mi ò sọ pé mo fẹ́ ẹ. Ohun tí mo sọ ni pé ó ti pẹ́ jù lẹ́nu ọ̀nà.

Mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó. Wadí ti wọ ẹ̀yìn lọ, ó gbé ìkòkò kékeré yẹn dé, ó bu fún Tọ́mi, ó bu fún mi.

"Kò sí ṣúgà níbẹ̀, mà," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Níbi òkú, àwa kì í fi ṣúgà sí i."

Mo rántí ọ̀rọ̀ tí mo sọ létí rẹ̀ nílé mi, àti bó ṣe mu tirẹ̀ tán láìdáhùn. Mo gbé ife náà. Ó korò. Mo mu ún títí ó fi ku gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni mo wí. Ó mi orí, ó kọjú sí ibòmíràn.

Mo dìde, mo gbé ìborùn náà lé èjìká. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Tọ́mi bá mi tún etí rẹ̀ ṣe lẹ́yìn. Mo rìn lọ síwájú àga Dọ̀tun. Mi ò bèèrè nǹkan kan, Wadí sì wá, ó tú okùn náà.

Mo mú wajawaja náà lọ́wọ́ kan, mo fi kan ẹ̀yìn àga, níbi tí èjìká rẹ̀ ìbá wà.