Ẹ Jẹ́ Kí Irin Tutù

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Bàbá Kékeré ló pariwo bẹ́ẹ̀. Àwọn panápaná ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́ àpótí irin náà jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, omi tí wọ́n dà sí i sì ń hó lára rẹ̀. Gbogbo ohun yòókù ti di eérú: ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta, aṣọ àwọn oníbàárà, títí kan àga tí aránṣọ ń jókòó lé.

Aránṣọ fúnra rẹ̀ dúró lójú títì, ó káwọ́ lérí. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń rò. Ojúlówó ìwé ẹ̀rí ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nínú àpótí yẹn, ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì sì ti sọ pé aago mẹ́rin ọ̀sán òní ni ìforúkọsílẹ̀ máa parí. Ẹni tí kò bá mú ojúlówó wá, kó máa lọ sílé.

"Ẹ jẹ́ ká fi òòlù fọ́ ọ," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Aago mẹ́wàá ti lù."

"Ẹ fọ́ ọ, kí ẹ rí iná," Bàbá Kékeré dáhùn. "Inú rẹ̀ ṣì gbóná. Bí atẹ́gùn bá wọlé báyìí, gbogbo ìwé ibẹ̀ á gbiná lójú yín. Ẹ jẹ́ kó tutù."

Àbúrò bàbá aránṣọ ni Bàbá Kékeré; iṣẹ́ irin ló ń ṣe, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àpótí náà lọ́dún méjì sẹ́yìn. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ṣe é, irin nínú irin, ó sì fi yanrìn àti sìmẹ́ǹtì dí àárín wọn nítorí iná. Inú bí aránṣọ nígbà náà. Àpótí kékeré tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa ló fẹ́, kì í ṣe èyí tí ọkùnrin mẹ́rin máa gbé kí wọ́n tó gbé e nílẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá yìí, ṣé òkú lẹ fẹ́ sin sínú rẹ̀ ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní báyìí ó jókòó ti àpótí náà, lórí korobá kan tó dojú dé. Kò jẹ, kò mu. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á na àtẹ́lẹwọ́ sí i láì fọwọ́ kàn án, á sì mirí. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ọkọ aránṣọ tún gbé òòlù. Ọmọ náà ti múra tán, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Bàbá yíjú sí aránṣọ. "Ìwọ lo ni í. Bí o bá ní kí wọ́n fọ́ ọ, n ó dìde."

Aránṣọ wo òòlù. Ó wo ọwọ́ àgbà náà, tí àpá iná ti bò.

"Ẹ jókòó, Bàbá. A máa dúró."

Ó ti ju aago méjì lọ kí Bàbá tó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin náà, tí kò sì gbé e kúrò. Ó gba kọ́kọ́rọ́. Kò yí. Ó rọ epo sí i, ó ń mì í síwá sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, títí ó fi dún kẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí, èéfín díẹ̀ sì yọ jáde. Etí kan ìwé náà ti pọ́n, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ náà àti òǹtẹ̀ orí rẹ̀ hàn kedere. Ọmọ náà gbá a mọ́ àyà, ó kúnlẹ̀ fún Bàbá, ó sì fò sẹ́yìn alùpùpù bàbá rẹ̀. Wọ́n bá eré lọ.

Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Panápaná kan ní òun ò rí irú iṣẹ́ ọwọ́ báyìí rí. Bàbá ti kúnlẹ̀ síwájú àpótí, ó ń fi ìka tọ etí ilẹ̀kùn níbi tí èéfín ti yọ́ wọlé.

"Ibí yìí ló kù díẹ̀ káàtó," ló ń sọ fún ara rẹ̀. "Ó yẹ kí etí rẹ̀ jìn wọlé sí i."

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ tì í. "Bàbá, ẹ ti mọ̀ pé kò ní jó, àbí?"

Bàbá nu eérú kúrò létí ilẹ̀kùn. "N kò dáná sun ọ̀kankan nínú àwọn àpótí mi wò rí."

Ìgbà náà ni aránṣọ rí i pé òógùn ti rin ẹ̀wù Bàbá láti ọrùn dé ìbàdí. Ẹ̀rù kan náà ló ti ń ba àwọn méjèèjì láti àárọ̀. Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eérú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.