Tábìlì Tó Há Sẹ́nu Ọ̀nà

Nínú gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù yẹn, ti Àǹtí aránṣọ nìkan ló kù tó ń ṣílẹ̀kùn. Ìyókù ti di ilé aláǹtakùn. Àǹtí alára, tó fi ẹ̀rọ ìránṣọ tọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé yunifásítì, ti là á mọ́lẹ̀ pé bí òun ò bá rí oníbàárà lónìí, òun á palẹ̀ ẹrù òun mọ́ nírọ̀lẹ́, òun ò sì ní ṣílẹ̀kùn mọ́.

Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé lọmọ náà ń kọ́ níbẹ̀, àmọ́ "Injiníà" ni Àǹtí ń pè é. Ọmọ náà ṣàlàyé títí, ó sú u. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kéde fún tolórí-tẹlẹ́mù ládùúgbò pé kí wọ́n kó aṣọ tó ya wá sí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí, kí wọ́n wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Wọ́n tilẹ̀ kan tábìlì gbàǹgbà kan fún un. Ẹ bá mi wo ọmọ yìí o: ó wọn yàrá, ó wọn ògiri, ó wọn ibi tí oòrùn ń gbà wọlé, ó ya gbogbo rẹ̀ sínú àwòrán. Ẹnu ọ̀nà nìkan ni kò wọ̀n.

Tábìlì wọlé dé ìdajì, ó há. Wọ́n tì í, kò lọ. Wọ́n fà á, kò bọ̀. Àǹtí sì wà nínú.

"Injiníà," ó ké jáde, "ṣé èmi náà wà nínú àwòrán yẹn ni?"

Ojú ti ọmọ náà gan-an. Àwọn tó ń kọjá dúró wòran. Ọ̀kan ní kí wọ́n dà á dẹ́gbẹ̀ẹ́, òmíràn ní kí wọ́n fi ọṣẹ pa á. Kò pẹ́, èrò ti pé síbi tí eṣinṣin pàápàá kì í yà sí. Àwọn tó kó aṣọ wá jókòó ti ìdajì tó wà níta. Ìyá kan na ṣòkòtò kan sí Àǹtí lórí tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ráyè tún èyí ṣe?"

"Ibo ni mo fẹ́ sá gbà?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí tú ẹrù tó ti dì, ó yọ abẹ́rẹ́.

Nígbà tí káfíńtà fi máa gbé ayùn dé nírọ̀lẹ́, aṣọ ti ga níwájú Àǹtí.

"Àǹtí, ẹ má bínú," ọmọ náà bẹ̀bẹ̀. "A máa gé e báyìí."

"Ta ló fẹ́ gé káńtà mi?"

"Báwo lẹ ṣe máa wá jáde?"

Àǹtí bẹ̀rẹ̀, ó rá gba abẹ́ tábìlì bọ́ síta, ó gbọn orúnkún.

"Bí mo ṣe máa wọlé lọ́la náà nìyẹn."

Lọ́la! Ọmọ náà dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.