Abọ́ Ọkà Báálì Méjìlá

Ìfẹ́ àfẹ́jù ló mú kí ewúrẹ́ bá ọkọ rẹ̀ hu irùngbọ̀n. Irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ló kó bá Itri, ẹṣin olórí àwọn ẹlẹ́ṣin, láàárọ̀ yìí. Tuda na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ibùjẹ ẹṣin náà, kò kan horo ọkà báálì kan ṣoṣo; abọ́ òfìfo méjìlá ló wà nílẹ̀.

"Ta ló da gbogbo ẹ̀ síbẹ̀?"

Fadma, ìyá àdúgbò, rẹ́rìn-ín. "Gbogbo wa ni. Ṣé kì í ṣe àṣà wa ni?"

Àṣà ni lóòótọ́. Bí ọdún ẹlẹ́ṣin bá ku ọ̀la, ilé kọ̀ọ̀kan á fún ẹṣin olórí ní ẹ̀kúnwọ́ ọkà kan, kí àdúrà ilé náà lè bá a sáré. Ṣùgbọ́n ọdún yìí ni Mimoun, àbúrò bàbá Tuda, yóò ṣíwájú àwọn ẹlẹ́ṣin fún ìgbà ìkẹyìn. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó mú ẹ̀kúnwọ́ wá. Abọ́ ni ilé méjèèjìlá gbé wá nígbà tí Tuda wà lóko.

Tuda pe dókítà ẹran lórí fóònù.

"Mo ti ń bọ̀," ni dókítà wí. "Má fún un lóúnjẹ kankan mọ́. Ọkà àjẹjù máa ń ba pátákò ẹṣin jẹ́. Má sì dúró dìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Omi tútù ni kó o ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀, nísinsìnyí!"

Tuda ń fa Itri lọ sódò nígbà tí Mimoun pàdé rẹ̀, gàárì léjìká.

"Níbo lò ń mú un lọ? Wọ́n ń dúró dè mí ní pápá fún ìdánrawò."

"Kò ní sáré lónìí, Bàbá. Kò ní sáré lọ́la."

"Wo bójú ẹ̀ ṣe ń dán! Itri, afẹsẹ̀-lulẹ̀-bí-ààrá! Ṣé ẹṣin tó ń ṣàìsàn nìyí?"

"Inú ló ti ń jó, Bàbá. Èéfín ni ò tíì yọ."

Fadma tó tẹ̀ lé wọn pòṣé. "Ọkọ mi jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi ìgbéyàwó ọmọ wa, a ò sì gbé e jù sódò."

"Ọkọ yín lè bì, Ìyá. Ẹṣin kì í bì."

Ohùn Mimoun wálẹ̀. "Tuda, tó bá di ọdún tó ń bọ̀, orúnkún mi ò ní gbà mí láyè mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn, ṣùgbọ́n kò tú okùn sílẹ̀. "Mo mọ̀, Bàbá. Àmọ́ bí pátákò rẹ̀ bá bàjẹ́, òun náà ò ní dìde mọ́."

Ó ní "Bìsìmílà," ó wọ odò. Omi yìnyín orí òkè ta á dé egungun. Itri fọn imú, ó ta kú, ó fẹ́ padà sórí ilẹ̀. Ẹsẹ̀ Tuda yọ̀, ó fi orúnkún gúnlẹ̀ sínú omi, ó tún dìde, okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bó bá gbà mí di ìrọ̀lẹ́, ibí ni màá wà!"

Láti pápá, àwọn ẹlẹ́ṣin ń pariwo orúkọ Mimoun. Mimoun sọ gàárì kalẹ̀, ó jókòó sórí òkúta, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú.

"Fadma," ó ní, "jọ̀ọ́, bá mi bọ́ bàtà yìí, kí n lè wọ odò bá a."