Ọkùnrin Mẹ́wàá fún Bàbá Ẹ́sírà

Olúwatósìn ló mú òyìnbó náà wọ ilé oúnjẹ mi ní France Road. Wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì fún kíláàbù kan ní Kano níbí ni, Tósìn sì ni balógun ikọ̀ wọn. Òyìnbó yìí tẹrí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà mi wọlé, ó sì tún tẹrí ba nítorí fáànù. Gbogbo oníbàárà gbójú sókè wò ó. Ọkùnrin Hausa kan tó ń jẹ ìrẹsì ní, "Ikon Allah!" bí ẹni tó rí iṣẹ́ ìyanu Ọlọ́run. Láti ọjọ́ náà ni àdúgbò ti ń pè é ní Dogo, èyí tí í ṣe ẹni gíga lédè Hausa. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Ẹ́sírà.

Mo gbé mọ́ínmọ́ín síwájú rẹ̀. Ó béèrè bóyá edé wà nínú rẹ̀.

"Edé wà níbẹ̀ dáadáa," ni mo fi yangàn.

Ó rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá Bùnmi, kì í jẹ edé o," Tósìn sọ. "Kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kì í jẹ igbín."

"Ṣé Mùsùlùmí ni?"

Bàṣírátù, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì nínú ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tèmi, yọ orí wọlé. "Ta ló sọ fún ẹ pé Mùsùlùmí kì í jẹ edé? Kí ni mo wá ń jẹ láti àárọ̀?"

Òyìnbó náà rẹ́rìn-ín. Ó ní Júù ni òun.

Díẹ̀ ló kù kí ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi tí mo ti ń kọrin Ísírẹ́lì ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré, n kò tí ì fojú kan ọ̀kan nínú wọn rí. Mo bi í bí Jerúsálẹ́mù ti rí. Ó ní òun kò dé ibẹ̀ rí, pé Òháyò ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí òun. Ó dùn mí díẹ̀, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń se mọ́ínmọ́ín tirẹ̀ sọ́tọ̀ láìsí edé, bí Bàṣírátù tilẹ̀ ń pè é ní mọ́ínmọ́ín aláìsàn.

Pidgin ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, ó ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ Tósìn àti àwọn yòókù. Díẹ̀díẹ̀ ni mo fi mọ ìtàn rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Dáfídì, ló kan irin àti àwọ̀n mọ́ ara ògiri ilé wọn, tó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀. Nígbà tó dé yunifásítì, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, kò sí ìlú tí wọ́n lọ tí bàbá náà kò wa mọ́tò tẹ̀lé wọn. Orúkọ Ẹ́sírà wà nínú ìwé ìròyìn nígbà náà. Ó rò pé àwọn kíláàbù ńlá Amẹ́ríkà yóò mú òun. Wọn kò mú un. Ó bá lọ sí Pólándì, níbi tí òtútù ti jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ là. Ó lọ sí Kípírù, kíláàbù ibẹ̀ sì fọ́ mọ́ ọn lórí. Ibẹ̀ ló ti pàdé ọmọ Nàìjíríà kan tó sọ fún un pé wọ́n ń wá ẹni gíga ní Kano.

"Ṣé o lá àlá Kano rí?" mo bi í.

"Rárá, Màmá. Ṣùgbọ́n níbi gbogbo, ibi kan náà ni wọ́n ń gbé àwọ̀n kọ́ sí."

Orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún. Á di yìnyín sínú ọ̀rá, á so ó mọ́ ọn, á sì máa jẹun. Òun náà mọ̀ pé ẹ̀yìn Kano, ó ṣòro kí kíláàbù mìíràn tó mú òun.

Ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n bá ní ìdíje, bí mo bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mò ń gbé oúnjẹ àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ. Ẹ́sírà á fún mi ní fóònù rẹ̀, á ní kí n gbé e sókè. Bàbá rẹ̀ á wà nínú fóònù náà, ọkùnrin onígíláàsì tí irun rẹ̀ ti funfun, pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́, torí òwúrọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn. Bí rẹfirí bá fọn fèrè sí ọmọ rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í bú u láti Amẹ́ríkà.

"Màmá, gbé mi sún mọ́ ọn! Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀!"

"Bàbá Ẹ́sírà, ẹ fi í sílẹ̀," èmi náà á ní. "Ojú ló ń dùn ún."

Á rẹ́rìn-ín títí kọfí fi máa dà sí i lára.

Ọkùnrin yìí ló ṣubú lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò sì dìde mọ́. Tósìn ló sáré wá sọ fún mi. Wọ́n ń wá ọkọ̀ òfuurufú tí yóò gbé Ẹ́sírà lọ sílé lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin tún pè. Ó ní wọ́n ti sin bàbá, pé Júù kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀.

"Wọ́n ti sin ín?" mo kígbe. "Ta ló sin ín? Àkọ́bí ọkùnrin kò tí ì dé!"

Lọ́dọ̀ tiwa, nígbà tí bàbá mi kú ní Ìjẹ̀bú, mọ́ṣúárì ni wọ́n gbé e sí títí ẹ̀gbọ́n mi fi ti Ireland dé. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń dúró dè, òun ni yóò kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀. Irú èèyàn wo ni kì í dúró de ọmọ?

"Bẹ́ẹ̀ ni tiwa náà," Bàṣírátù dá mi lóhùn. "Òkú wa kì í sùn nílé. Ìyẹn kì í ṣe ìwà ìkà, Màmá Bùnmi."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìkà. Ṣé o ti wo ojú rẹ̀?"

Mo gbé ọbẹ̀ lọ bá a nínú yàrá tí kíláàbù gbà fún un. Ilẹ̀ ló jókòó sí. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya láyà. Mo ní kó bọ́ ọ, kí n bá a fi abẹ́rẹ́ pa á pọ̀. Ó di ibi tó ya náà mú.

"Ọ̀fọ̀ ni àwa Júù fi ń fa aṣọ ya, Màmá. Ti bàbá, a kì í rán an."

Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Mánéjà kíláàbù wá kí i. Lẹ́yìn ìkíni, ó ní níwọ̀n bí ìsìnkú ti parí, kí ló kù tó fẹ́ lọ ṣe? Ìdíje tó ṣe pàtàkì ló kù nílẹ̀. Tí ó bá lọ báyìí, kó má wulẹ̀ padà. Ẹ́sírà dúró. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò wọlé mọ́. Á jù ú, á kan irin, á fò padà sílẹ̀, òun náà á kàn máa wò ó.

Mo bi í lọ́jọ́ kan ohun tó ń ṣe é gan-an. Ó ní àdúrà kan wà tí ọmọ máa ń gbà fún òbí rẹ̀ tó kú, lójoojúmọ́, fún bí ọdún kan. Ẹnì kan kì í dá a gbà. Ọkùnrin mẹ́wàá gbọ́dọ̀ dúró tì í.

"Mẹ́wàá péré?"

"Mẹ́wàá, Màmá. Mo ti wá wọn ní Kano yìí, n kò rí. Tí n kò bá rí wọn, màá padà sílé. N kò lè fi bàbá mi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Tósìn fà mí sẹ́yìn ìdáná. "Màmá, tó bá lọ, bọ́ọ̀lù ti parí fún un nìyẹn. Pẹ̀lú ọjọ́ orí yẹn, pẹ̀lú orúnkún yẹn? Ta ló máa mú ẹni tó fi kíláàbù sílẹ̀ láàárín sáà?"

Ọkàn mi sọ pé kò ní lọ. Bùnmi ọmọ mi ti wà nílé ọkọ ní Yankaba, àwọn àbúrò rẹ̀ sì wà ní Èkó. Òyìnbó yìí nìkan ló ń wọlé lọ́sàn-án tó ń kígbe pé, "Màmá, ebi!" Ṣé torí èèyàn mẹ́wàá ni màá ṣe pàdánù rẹ̀? Ní Sabon Gari, àdúgbò wa yìí, níbi tí ológbò méjì bá ti ń jà, ogún èèyàn á ti pé lé wọn lórí!

Mo lọ bá Bàbá Ṣótúndé, díákónì wa tó ń ta páàtì mọ́tò. Ó fún mi ní ọkùnrin mẹ́rin láti inú ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun fúnra rẹ̀ sì ṣe ìkarùn-ún. Làmídì, ọkọ Bàṣírátù, tó ń ṣiṣẹ́ ní fákítọ́rì kan ní Bompai, mú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ wá. Mo mú télọ̀ mi, mo mú mẹkáníìkì, Tósìn sì ṣe ẹnì kẹwàá. Mo ní kí gbogbo wọn wẹ̀, kí wọ́n wọ aṣọ tó mọ́. Mo ti ilé oúnjẹ kí oòrùn tó wọ̀, mo to bẹ́ǹṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Àgbádá ni Bàbá Ṣótúndé wọ̀. "Àdúrà Júù!" ó ní. "Bó bá ti ń gòkè, kó gbé tiwa náà dání."

"Díákónì, torí òkú la ṣe wá," mẹkáníìkì fún un lésì. "Kì í ṣe físà."

Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Tósìn mú Ẹ́sírà wọlé. Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wò wọ́n láti ọ̀tún dé òsì. Mo rí i pé ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, mo rò pé ayọ̀ ni.

"Mẹ́wàá nìyí," mo sọ fún un. "Máa gbà á."

Ó di ọwọ́ mi mú. "Màmá, ẹ̀bi mi ni. N kò sọ ọ́ tán. Àwọn mẹ́wàá náà, Júù ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jẹ́."

Tósìn sọ ọ́ fún wọn ní Yorùbá. Mo kàn ń wo gbogbo aṣọ tó mọ́ tí wọ́n wọ̀ wá.

"Ṣé Ọlọ́run tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa ni?" Bàbá Ṣótúndé béèrè.

"Díákónì," Làmídì dá a lóhùn, "tí ẹ bá kó ogún onígbàgbọ́ wá síbi ìrun òkú wa, ṣé ìrun la máa pe ìyẹn? Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìnára la máa kí yín."

Ẹ̀rín tún sọ. Télọ̀ na ọwọ́ sí fìlà rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ.

"Jókòó," Bàbá Ṣótúndé sọ fún un. "A kì í dé ilé ọlọ́fọ̀ ká dìde láìbéèrè òkú." Ó kọjú sí Ẹ́sírà. "Ọmọ mi, irú èèyàn wo ni bàbá rẹ?"

Ẹ́sírà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ó ní gíláàsì ojú ni bàbá òun ń tà. Ó ní bàbá náà fúnra rẹ̀ kò mọ bọ́ọ̀lù gbá rárá, kò tilẹ̀ lè fò. Ṣùgbọ́n bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á dúró lábẹ́ àwọ̀n, á máa ṣa bọ́ọ̀lù tí ọmọ rẹ̀ jù, á máa dá a padà fún un. "Láti kékeré mi," ó ní, "n kò lọ ṣa bọ́ọ̀lù mi fúnra mi rí."

Èmi náà sọ fún wọn nípa rẹfirí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Bàbá Ṣótúndé. Lẹ́yìn náà kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti bàbá tirẹ̀. Làmídì ló sọ kẹ́yìn.

"Èmi náà kò bá tèmi. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Bompai, kí n tó dé Ọ̀ffà, wọ́n ti sin ín. Inú bí mi, mo sì padà sí Kano. Ó pẹ́ kí n tó lọ débi sàréè rẹ̀."

"Kí lẹ ṣe nígbà tí ẹ débẹ̀?" Ẹ́sírà béèrè.

"Mo jókòó. Mo ní, Bàbá, mo ti dé."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ẹ́sírà bá mi gbé bẹ́ǹṣì. Ó gbé èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀, kò sì jẹ́ kí n lọ.

"Màmá, mo máa lọ sílé."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu bẹ́ǹṣì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Àwọn tí kò mọ bàbá mi ti ṣọ́ọ̀bù wọn torí rẹ̀. Nílé, àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pé jọ láràárọ̀ fún àdúrà náà. Èmi nìkan ni wọn kò rí."

"Bọ́ọ̀lù rẹ ńkọ́?"

"Mo gbá a dáadáa, Màmá. Mo gbá a débi tí mo lè gbá a dé." Ó wojú mi. "Ṣé inú yín bàjẹ́?"

"Ó bàjẹ́," mo ní. "Lọ di ẹrù rẹ."

Láàárọ̀ ọjọ́ tó lọ, mánéjà kò yọjú. Àwọn ọmọ àdúgbò yí mọ́tò Tósìn ká, wọ́n ń kígbe ó dàbọ̀ lédè Hausa pé, "Dogo! Sai an jima!" Ẹ́sírà dé iwájú mi, ó sì dọ̀bálẹ̀. Tósìn ló kọ́ ọ. Gbogbo gígùn rẹ̀ nà sórí sìmẹ́ńtì, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ gọ́tà, Bàṣírátù sì ń ké pé kí wọ́n tètè gbé e dìde kó tó kán sí méjì. Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, mo ṣàdúrà fún un pé kí Ọlọ́run mú un délé ní àlàáfíà, kó bá àwọn tirẹ̀ láyọ̀.

Mo fẹ́ fi kún un pé kó tún padà wá. Ó dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Wọ́n ń dúró dè é nílé.