Ohun Tó Wà Nínú Agbọ̀n Ìdọ̀tí

Ọdún méje ni aránṣọ tí wọ́n ń pè ní Àkọ́sórí kò fi bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé wọn kò ríra. Wọ́n ń pàdé lójú títì. Ojú á kojú, ẹ̀gbọ́n á sì yíjú sí ògiri bí ẹni pé ògiri ló kí i.

Wọ́n ń pè é ní Àkọ́sórí nítorí pé ìwé mẹ́rin péré ló kà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ohun tó bá ti wọ orí rẹ̀ kì í jábọ́. Olùkọ́ tó nà án lọ́jọ́ tó fi ilé ìwé sílẹ̀ darúgbó, ó gbé ṣòkòtò wá pé kó bá òun gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Àkọ́sórí gé e, ó gún régé. Ṣùgbọ́n kò kí i.

Ọ̀rọ̀ ti àbúrò rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò yìí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Lọ́dún méje sẹ́yìn, ó ní kọ̀ǹpútà tó wà ní ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ti ń wọ́ bí ìgbín, kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ètò tuntun sí i, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà látòkè délẹ̀. "Ẹ má ṣèyọnu, ẹ̀gbọ́n," ló wí. Ó tẹ ibi kan, ó tẹ ibi kejì, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sì pa rẹ́: ìwọ̀n gbogbo oníbàárà, àti ọnà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ fi ọdún mẹ́rin yà fún ẹ̀rọ mọnogíráàmù wọn, ẹ̀rọ tó ń fi òwú kọ orúkọ sára aṣọ. Àbúrò dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tí ojú ń tì. Ẹ̀rín yẹn ni Àkọ́sórí gbé pamọ́.

Ìyàwó Àkọ́sórí ló tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí pé ọkọ rẹ̀ kì í tètè ka ìwé, kò kọ ìwọ̀n sílẹ̀ mọ́. Ẹnu ló fi ń kà á sínú kọ̀ǹpútà. Ọkọ á tẹ àwòrán oníbàárà, ohùn ìyàwó á sì jáde: "Tíṣà obìnrin tó ga yẹn. Èjìká, mẹ́rìndínlógún. Ìbàdí, mẹ́rìndínláàádọ́ta, àmọ́ má sọ fún un o." Bí Àkọ́sórí ṣe ń gé aṣọ nìyẹn lójoojúmọ́.

Oṣù mẹ́sàn-án rèé tí ìyàwó náà ti kú. Ohùn rẹ̀ ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì.

Ìgbà tó yá, ilé iṣẹ́ tó ń gbé aṣọ òṣìṣẹ́ fún un ránṣẹ́ pé ọnà táwọn ń fi ránṣẹ́ kò ní ṣí lórí ètò àtijọ́ mọ́. Ẹ̀rọ mọnogíráàmù ní tirẹ̀ kò gbọ́ èdè ètò tuntun kankan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó wà ní ìlú mìíràn, ṣàlàyé fún un lórí fóònù.

"Bàbá mi, ètò méjì lè gbé inú kọ̀ǹpútà kan. Tẹ́ ẹ bá tàn án, á bi yín pé èwo lẹ fẹ́. Ẹ ó ṣí ọnà lórí tuntun, ẹ ó rán an lórí àtijọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá ṣì í ṣe, gbogbo nǹkan ibẹ̀ lè lọ. Ohùn màámi náà."

"Ta ló wá mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Ẹ mọ ẹni náà."

Ọmọ náà ló pè é; ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àbúrò dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì lọ́wọ́. "Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n."

"Àga wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láti ọdún méje nìyẹn. Ẹ̀rín fẹ́ gba ẹnu àbúrò, ó gbé e mì.

"Gbọ́," ni Àkọ́sórí wí, ó di téèpù ìwọ̀n mú bí ẹgba. "O ò ní tẹ ohunkóhun láìjẹ́ pé o kọ́kọ́ wí i jáde. Èmi ni mo máa sọ pé kó o tẹ̀ ẹ́."

"Mo gbọ́, sà."

Àbúrò wo bátìrì bóyá ó kún, ó sì tún ki wáyà iná bọ̀ ọ́. Ó gbé dísìkì kan jáde nínú báàgì, ó ní òun máa da ẹ̀dà gbogbo nǹkan sínú rẹ̀. Àkọ́sórí ní kó dà á. Nígbà tó parí, Àkọ́sórí ní kó ṣí ẹ̀dà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà mẹ́tàlélọ́gọ́ta, mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló gbọ́, ó ń fi ìka kà wọ́n.

"Ẹ ò fọkàn tán mi rárá."

"Ta ló máa jẹ́ kí iná jó òun lẹ́ẹ̀mejì?"

"Ó kù kí n fa ààlà," ni àbúrò wí. "Màá sún ètò àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí àyè wà fún tuntun. Ẹ rántí yàrá wa? Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ bàbá, ẹ fa ìlà sáàárín ilẹ̀, ẹ ní tí mo bá kọjá a, ẹsẹ̀ mi á kán."

"O kọjá a?"

"Ta ni mo jẹ́! Ẹ sì gba ẹ̀gbẹ́ tí fèrèsé wà."

Ọwọ́ Àkọ́sórí dẹ̀ díẹ̀ lára téèpù.

"Kọ̀ǹpútà yìí ti kún jù, kò sí ibi tí màá fa ààlà sí," ni àbúrò wí. "Agbọ̀n ìdọ̀tí rẹ̀, níbi tí ohun tẹ́ ẹ bá jù ń lọ, ló kún báyìí. Ẹ jẹ́ kí n dà á nù."

Ìka àbúrò ti wà lórí máòsì. Àkọ́sórí rántí pé ọjọ́ pẹ́ tí kọ̀ǹpútà ti ń pariwo pé àyè ò sí mọ́. Nígbàkígbà tó bá ráhùn, ìyàwó rẹ̀ á ní, "Fi agbọ̀n yẹn sílẹ̀. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀."

"Dúró! Ṣí i ká wo inú rẹ̀."

Ọnà tó bàjẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, ohùn kan ṣoṣo wà, ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ ọdún méje. Àbúrò ka àkọlé rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀: "Ọkọ mi kékeré."

Bí ìyàwó náà ṣe máa ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ nìyẹn, òun nìkan ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Àkọ́sórí jókòó. Òun ló ní kí wọ́n yọ ìwọ̀n yẹn kúrò lọ́dún méje sẹ́yìn. Ó ní òun ò ní rán bọ́tìnnì kan fún ọ̀dàlẹ̀ mọ́. "Ṣé o ti jù ú?" ló bi ìyàwó rẹ̀. "Mo ti jù ú," nìyẹn fèsì. "Ó sọ fún mi pé òun ti jù ú," ni Àkọ́sórí wí báyìí.

"Ó jù ú lóòótọ́," ni àbúrò wí. "Kò kàn dà á nù ni." Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì. "Ẹ̀gbọ́n, kò lè sọ̀rọ̀ nínú agbọ̀n. Ẹ ní láti ní kí n dá a padà. Tàbí kí n dà á nù. Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa dúró de àṣẹ."

Àkọ́sórí wo ilẹ̀ níbi tí àjákù aṣọ wà.

"Dá a padà."

Ohùn ìyàwó kún inú ìsọ̀. "Ọkọ mi kékeré. Èjìká, méjìdínlógún. Apá òsì gùn díẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Ọrùn, mẹ́rìndínlógún, má há a mọ́ ọn o, kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Àbúrò fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Kò sẹ́ni tó fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n da ẹ̀dà ohùn náà sínú dísìkì, wọ́n da ìyókù agbọ̀n nù, wọ́n fa ààlà. Àbúrò ki fúláàṣì tí ètò tuntun wà nínú rẹ̀ bọ̀ ọ́. Ìbéèrè méjì yọ lójú kọ̀ǹpútà: ká pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, àbí ká fi tuntun sí ẹ̀gbẹ́ àtijọ́. Àkọ́sórí tẹ̀ síwájú, ó ka ìkejì fúnra rẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ọmọ ìwé kẹrin.

"Èyí. Tẹ̀ ẹ́."

Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, ó mọ́, ó tún ṣókùnkùn. Níkẹyìn, orúkọ ètò méjì yọ, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Àkọ́sórí mú ti àtijọ́, ó tẹ àwòrán tíṣà tó ga.

"Ìbàdí, mẹ́rìndínláàádọ́ta, àmọ́ má sọ fún un o."

Ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na téèpù. "Dìde. Gbé ọrùn sókè."

Àbúrò dìde.

"Ó ti di mẹ́tàdínlógún."

"Àgbà ti ń dé, ẹ̀gbọ́n."

"Oúnjẹ ni, kì í ṣe àgbà. Mi ò tíì gbàgbé ẹ̀rín ọjọ́ yẹn o."

"Mo mọ̀, sà."

"Fi ìwọ̀n tuntun yìí sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ìyàwó mi kà. O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan tirẹ̀." Ó tẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, ó tún ọ̀fun ṣe, ó sì sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ fúngbà àkọ́kọ́: "Àbúrò mi. Ọrùn, mẹ́tàdínlógún."