Ẹni Tó Ń Pín Oògùn Aràn

Ó ti rẹ Àánúolúwapọ̀ débi pé ó ń sùn lórí ìdúró. Ìdí ń yún Ayọ̀miídé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọmọ á máa họ ara, á máa sunkún, kò ní sùn, ìyá rẹ̀ náà kò sì ní sùn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ìyá á gbé ojú wíwú lọ sí ibi iṣẹ́ ní Yábàá, ọmọ á lọ tòògbé nílé ẹ̀kọ́. Aràn ni. Àánú ti fojú ara rẹ̀ rí wọn, funfun, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ.

Kì í ṣe pé kò lo oògùn fún un. Ó ti ra oògùn aràn títí ó fi di oníbàárà pàtàkì ní kẹ́mísì Lydia, ní ìkòríta àdúgbò wọn ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Bí ọmọ bá lò ó, ara á tù ú díẹ̀, ìyún náà á tún padà dé bí àlejò tó gbàgbé fìlà.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ni Àánú wá fura sí. Ìyá Àgbà ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá láti bá wọn tọ́ ọmọ, inú àwo kan náà ni òun àti Ayọ̀miídé ti ń jẹun, èékánná rẹ̀ sì gùn. Lóòótọ́, Ìyá Àgbà kì í kọ oògùn. Bí wọ́n bá ti fún un, á jù ú sẹ́nu. Ṣùgbọ́n Àánú ní ta ló mọ̀ bóyá ṣe ló ń tu ú dànù. Àìsùn máa ń jẹ́ kí èèyàn ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ó sọ fún Rótìmí, ọkọ rẹ̀, pé kí ìyá rẹ̀ lọ sinmi nílé fúngbà díẹ̀, torí ìyá náà ló ń kó aràn ran ọmọ. Rótìmí, tí òun náà kò rí oorun sùn, kò jiyàn, ó lọ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ní gáréèjì, Ayọ̀miídé di ìró ìyá àgbà rẹ̀ mú, wọ́n sì ní láti já ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ojú ti Àánú gan-an lọ́jọ́ náà.

Wọ́n fi omi gbígbóná fọ gbogbo aṣọ ibùsùn, wọ́n tún lo oògùn. Kò pẹ́ tí ọmọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í họ ìdí, ó sì tún wá ń sunkún ìyá àgbà mọ́ ọn.

Àánú lọ bá Lydia pé kó fún òun ní èyí tó le, tí ń lé aràn jáde téèyàn á fojú rí i. Lydia fà á jókòó. Ó ní àwọn oògùn kan wà tí ń sọ aràn di arọ, tí kò fi ní lè di ìfun mú mọ́, ìgbẹ́ á sì gbé e jáde. Èyí tí òun ń tà fún un, ebi ló fi ń pa aràn. Aràn á wà láàárín oúnjẹ, kò ní lè fa ṣúgà sára, á sì rọra kú láìyọ inú ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ ran ẹyin rẹ̀, ẹyin ọ̀hún sì lè wà lábẹ́ èékánná àti lára aṣọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún un lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tí gbogbo ilé sì fi gbọ́dọ̀ lò ó lọ́jọ́ kan náà.

Àánú ní gbogbo ilé ń lò ó, òun fúnra òun lòun ń pín in.

“Ẹ̀yin náà ńkọ́, Mọ́mì Ayọ̀?”

Àánú wo èékánná ara rẹ̀. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ní Muṣin, tí wọ́n bá lo oògùn aràn ní Sátidé, gbogbo wọn á máa yàgbẹ́ gbuuru, ìyá wọn nìkan kì í lò ó, torí ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ tí yóò da póò, tí yóò fọ aṣọ. Láti ìgbà tí Àánú náà ti di ìyá, kò lò ó rí. Kò tilẹ̀ rò ó. Tí ìdí bá ń yún òun alára, ó máa ń ní ooru ni. Ọwọ́ tó fi ń họ ọ́ náà ló fi ń bu òkèlè sọ́mọ lẹ́nu.

Lydia bi í bóyá ó lóyún. Ó ní níbo ni òun ti fẹ́ rí agbára oyún. Ó lo oògùn náà níbẹ̀, ó jáde síta, ó pe Ògbómọ̀ṣọ́. Bí Ìyá Àgbà ṣe gbé fóònù, Àánú kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn tó ń kọjá ń wò ó.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, èmi ni. Èmi ni mi ò lò ó.”

“Mo mọ̀,” ni Ìyá Àgbà wí. “Mo máa ń rí i tó o bá pín in fún gbogbo wa tán.”

Àánú bi í pé kí ló dé tí kò sọ.

“Ṣé ẹni tó ti ní èmi ni mo kó aràn ran ọmọ ọmọ mi ni mo fẹ́ sọ fún pé òun ni?”

Àánú bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bọ̀. Ìyá Àgbà ní kò burú, òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, ó sì ti rẹ òun.