Ahọ́n Pupa Lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí Rukia fi ránṣẹ́ láti Mombasa sí Saumu àbúrò rẹ̀ ní Lamu fi ọjọ́ kan pẹ́, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ti oṣù. Àwọn ará Lamu ti rí oṣù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun wọ́n túnu, wọ́n jẹ píláù, wọ́n wọ aṣọ tuntun lọ kí àwọn àgbà. Àwọn ará Mombasa ní àwọn kò rí nǹkan kan lójú ọ̀run, wọ́n sì fi ààwẹ̀ ọjọ́ kan kún un. Ìdí nìyí tí Rukia fi rò pé àárọ̀ Ọjọ́rú yìí ni ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò òun náà.

"Saumu," ni ohùn rẹ̀ wí nínú fóònù, ariwo ọmọdé ń lọ lẹ́yìn rẹ̀, "kú ọdún o. Gbọ́, kí Zena tó jáde nílé lónìí, má jẹ̀ẹ́ kó fọwọ́ kan màbúyù ìyá ọkọ rẹ. Mo lọ ra èròjà ọbẹ̀ lánàá, ọkùnrin tó ń tà á wá ní, 'Ìyá ọkọ àbúrò rẹ mà yà síbí nígbà tí wọ́n wá síbi ìgbéyàwó, ọ̀rá àwọ̀ pupa mẹ́ta ni wọ́n rà.' Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Kí ni wọ́n ń fi ṣe ní Lamu bí ọdún bá kù fẹ́ẹ́fẹ́?' Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan o. Mo kàn ní kó o bi wọ́n."

Saumu gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Lánàá ni Zena ọmọ rẹ̀ ti jẹ màbúyù, kóró aládùn pupa tí wọ́n ń jẹ lọ́dún. Lánàá ló ti padà wálé pẹ̀lú àpò tó kún fọ́fọ́, tó ń fò bí ẹni tí iná ń jó lẹ́sẹ̀. Láàárọ̀ yìí, ó ń họ ọrùn rẹ̀, Saumu ní ẹ̀fọn ni, ó dì í nírun, ó sì jẹ́ kó sáré lọ mu tíì nílé ìyá àgbà bó ti máa ń ṣe. Ó ti wà níbẹ̀ báyìí. Ọjọ́ kejì ọdún sì ni. Títí di ọjọ́ kẹta ni àgbà ń fún ọmọdé ní nǹkan.

Ọ̀rọ̀ Zena àti nǹkan pupa ti lé ní ọdún kan. Bó bá ti jẹ ẹ́, ara rẹ̀ á sú wínníwínní, ìpéǹpéjú rẹ̀ á wú, kò ní lè sùn. Dókítà kò búra pé òun mọ̀ ọ́n. Ó ní kí Saumu máa kọ ohun tí ọmọ bá jẹ sínú ìwé. Ìgbà mẹ́ta tí ara ọmọ náà dà rú, ohun tí wọ́n fi àwọ̀ pupa sí ló wà nínú ìwé: súwíìtì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, màbúyù. "Ẹ yẹra fún un ná," ni dókítà wí, "ká máa wò ó." Wọ́n yẹra fún un fún oṣù mẹ́jọ, ara Zena sì ń dán bí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lómi.

Ṣùgbọ́n kí ni ọdún láìsí màbúyù? Kóró oṣè tí wọ́n se nínú ṣúgà, tí wọ́n kùn ní pupa, òun ni gbogbo ọmọ Langoni, àdúgbò wọn, ń retí láti ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, ti Bi Mwanakombo, ìyá Shee ọkọ Saumu, ni wọ́n sì ń retí jù. Nítorí náà Saumu ra ìṣápá pupa gbígbẹ, àpò kan gbáko, ó bu díẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ìyókù lọ bá a. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi èyí kùn ún lọ́dún yìí. Bi Mwanakombo gbé ọwọ́ lé àyà. "Ìṣápá nìkan, ọmọ mi. Ṣé èmi ni màá fún ọmọ Shee ní ohun tó máa pa á lára?" Ààwẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Saumu gbà á gbọ́ nítorí ààwẹ̀ yẹn.

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Saumu kò tíì dàgbà, ṣùgbọ́n ó lo oògùn náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Abọ́ màbúyù tí Bi Mwanakombo fi ránṣẹ́ lánàá ṣì wà lórí pẹpẹ, aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ hun bò ó. Kò tíì tọ́ ọ wò. Ó ṣí i. Àwọn kóró náà ń dán gbinrin. Wọ́n pupa jù. Pupa ìṣápá máa ń ní ìtìjú díẹ̀ nínú. Bó bá ti gbẹ, ó máa ń fà sí dúdú.

Síbẹ̀, ojú lè tan ènìyàn jẹ. Ó rántí pé nínú ààwẹ̀, òun ti ṣèèṣì da omi káún tí òun fẹ́ fi se ẹ̀wà sínú ife tí ìyókù omi ìṣápá wà, tí omi náà sì yí padà lójú òun, ó di àwọ̀ aró. Ó po káún sínú àwo méjì. Ó ju ìṣápá gbígbẹ sínú ọ̀kan, ó ju màbúyù mẹ́ta sínú èkejì, ó sì dúró tì wọ́n. Omi ìṣápá kọ́kọ́ pupa, ó ṣókùnkùn, ó di aró. Omi màbúyù pupa, ó tún pupa sí i, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ bí ẹni tí a bi léèrè ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ dáhùn.

Bóyá ìṣápá tí wọ́n ti pò mọ́ nǹkan mìíràn ni. Ṣùgbọ́n inú àpò kan náà ni èyí tó di aró yìí ti wá. Bóyá ẹlòmíràn ló bá Bi Mwanakombo kùn ún. Ṣùgbọ́n Bi Mwanakombo kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni súnmọ́ ìkòkò màbúyù rẹ̀, àní ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ọ̀nà yòówù kí Saumu yà sí, ẹnì kan náà ló ń bá pàdé níbẹ̀. Ó so ègé káún kan mọ́ etí aṣọ rẹ̀, ó wọ búìbúì, aṣọ ìbora dúdú, lé e, ó jáde.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan dúró gbọnrangandan lójú ọ̀nà tóóró. Saumu fi ìgbọ̀nwọ́ tì í sápá kan. Lórí àga òkúta tó wà níwájú ilé ìyá ọkọ rẹ̀, àwọn ọmọdé márùn-ún tò sí ìlà pẹ̀lú ẹnu ní ṣíṣí. Eré ọdún ni. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ bá pupa jù ló ń jọba títí di ìrọ̀lẹ́.

"Yọ ọ́ dáadáa!" ni Lali, ọmọ aládùúgbò, ń pàṣẹ. "Ṣé ahọ́n nìyẹn? Tìẹ dà bí ti adìẹ tó ń ṣàìsàn."

"Irọ́ ń pa ọ́! Tèmi ló pupa jù."

"Lali," ni Saumu wí, "ta ló jọba lánàá?"

"Zena yín ni, Màmá Zena! Láàárọ̀ àná, a ní ahọ́n rẹ̀ dà bí ti ológbò, ló bá sunkún lọ bá ìyá àgbà. Nígbà tó máa fi padà dé, háà! Bí ẹni tó mu ẹ̀jẹ̀."

"Kí ni ìyá àgbà fún un?"

Lali wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ràn án lọ́wọ́. "Wọ́n ní ká má sọ fún yín," ló wí.

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ má sọ fún ta?"

"Fún yín. Wọ́n wá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní ẹ̀kúnwọ́."

Títí di ìgbà yẹn, Saumu ṣì ń gbàdúrà pé kí òun jẹ́ oníròkurò. Àdúrà náà parí síbẹ̀.

"Àgò onílé o," ló wí lẹ́nu ilẹ̀kùn ìyá ọkọ rẹ̀.

"Àgò yà. Ìwọ rèé? O mà tètè jáde lónìí. Fìlà ti tán nílẹ̀?" Fìlà ni Saumu ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí lára fún títà, bí Shee bá wà lójú òkun. Bi Mwanakombo ló ń bá a mú ọmọ lójoojúmọ́ kó lè rí i ṣe. Orí ẹní ni obìnrin náà wà báyìí, orí Zena wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, òróró àgbọn wà nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Kí ló ṣe é lójú, Màmá?"

"Ẹ̀fọn." Ìdáhùn náà yá jù. "Ẹ̀fọn ilé yín yẹn, àfi kí Shee wá nǹkan ṣe sí i."

"Màmá, ó ń yún mi," ni Zena wí. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ti wú, ọrùn rẹ̀ sì sú lábẹ́ òróró.

"Yọ ahọ́n rẹ kí n rí i."

Ojú ìyá àgbà ni Zena kọ́kọ́ wò. Ọmọ ọdún mẹ́fà, ó ń wojú ẹni tó pín àṣírí pẹ̀lú rẹ̀ kó tó dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Ìwò yẹn dun Saumu ju ìpéǹpéjú tó wú lọ. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà yọ ọ́. Pupa àná kò tíì ṣí.

"Ta ni ahọ́n rẹ̀ kì í pupa lọ́dún?" ni Bi Mwanakombo wí. "Ìṣápá ni. Ìṣápá tó o gbé wá."

Saumu bu omi sínú ife, ó tú káún sínú rẹ̀, ó ju màbúyù tó wà nínú agolo ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní sí i.

"Kí lò ń ṣe yẹn? O ti di dókítà?"

"Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó, Màmá. Bó bá jẹ́ ìṣápá, á di aró."

Àwọn méjèèjì wo inú ife. Kò di aró.

"Káún yẹn ti pẹ́ jù," ni Bi Mwanakombo wí.

"Ọ̀rá mẹ́ta lẹ rà ní Mombasa."

Ọwọ́ tó wà nínú òróró dúró. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹni tó tà á fún yín ló sọ fún ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọkùnrin yẹn! Ẹnu rẹ̀ kì í padé bí ilẹ̀kùn mọ́sálásí." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ, ó sì jókòó dáadáa bí ẹni tó fẹ́ rojọ́ níwájú kádì. "Ó dáa. Wàláì, mo lo ìṣápá rẹ. Ìkòkò àkọ́kọ́, ìṣápá ni. Ó kan, ó dúdú bí ohun tó jóná. Mo fún ọmọ Bi Esha aládùúgbò wa kó tọ́ ọ wò, ó tu ú síwájú mi. Láti ogójì ọdún, ta ló tu màbúyù mi sílẹ̀ rí?"

"Ẹ lè fún àwọn yẹn ní tiwọn, kẹ́ ẹ fún Zena ní ti ìṣápá."

"Ohun tí mo ṣe nìyẹn! Agolo tirẹ̀ ló wà lórí pẹpẹ yẹn. Ó jẹ ẹ́, ó jáde, ó sunkún wá bá mi. Ahọ́n ológbò! Ọmọ ọmọ tèmi, níwájú ilé tèmi! Ṣé kí n jókòó kí n máa wò ó?"

Saumu fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́. Ó rí ọmọ náà lọ́kàn rẹ̀, nínú aṣọ ọdún, tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Bóyá òun náà ì bá wá nǹkan fi pa á lẹ́rìn-ín.

"Mélòó lẹ fún un?"

"Mẹ́ta péré." Bi Mwanakombo wo ilẹ̀. "Mo dúró. Nǹkan kan kò ṣe é. Mo wá rò ó pé, bí n bá fún un tó pọ̀ tí kò sì sí nǹkan kan, ìwọ náà á sinmi. Mo bù ú fún un ní ẹ̀kúnwọ́ méjì. Mo fẹ́ kó o rí i pé dókítà yẹn kò mọ nǹkan kan. Gbogbo wa la jẹ ẹ́ dàgbà, Saumu. Ọkọ rẹ jẹ ẹ́ dàgbà."

"Ẹ fi ọmọ mi dán an wò."

"Má sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Nígbà tójú rẹ̀ wá wú láàárọ̀ yìí, ẹ ò ránṣẹ́ pè mí."

"Mo ti ń fi òróró pa á. Ọdún ni, mi ò fẹ́ bà ọ́ lọ́kàn jẹ́."

"Ẹ ní ẹ̀fọn ni."

Bi Mwanakombo fi ìdérí bo agolo ńlá náà. Saumu gbé Zena dìde, ó wẹ òróró kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó sì fún un ní oògùn ara yíyún tí dókítà ní kí wọ́n máa mú dání. Bó ti ń ṣe é, ó ń ro fìlà méjì tí wọ́n ń retí lọ́sẹ̀ yìí, ó ń ro ohun tí Langoni máa sọ, àti ohùn Shee bó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀. Ó rò wọ́n tán. Kò sí èyí tó wúwo tó bí ọmọ náà ṣe kọ́kọ́ wojú ìyá àgbà.

"Màmá," ló wí, kò sì gbé ohùn sókè, "Zena ò ní wá síbí lóun nìkan mọ́. Bó bá fẹ́ kí yín, èmi náà á wà pẹ̀lú rẹ̀, ohun tí mo bá gbé wá látilé ló sì máa jẹ. Bí Shee bá pè, èmi fúnra mi ni màá sọ fún un pé èmi ni mo ní kó rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe dókítà."